Ṣé Àbúrò Àǹtí Táípù Wà?

Bí èèyàn bá gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di fadá, tó sì rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ já, yàrá tó kángun sí àtẹ̀gùn ni ọ́fíìsì Àǹtí Táípù. Kí èèyàn tó fojú rí i ni yóò ti fetí gbọ́ ọ, nítorí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dún tẹ̀ léra wọn bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò nídìí iṣẹ́ náà. Orí ẹ̀rọ táípù onírin kan tó wúwo bí ọmọ ọlọ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bá a dé orí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ kìíní kò yí padà. Ìbéèrè ìdánwò o, lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù o, ìwé ìkìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń hanrun nínú àdúrà o, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde. Ó máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé orúkọ Ọlọ́run tí òun ti tẹ̀ pọ̀ ju èyí tí bíṣọ́ọ̀bù ti fẹnu pè lọ.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ, ṣùgbọ́n ó tọ́ ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ìyá wọn kú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá wọn ti ṣáájú ìyá lọ. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ táípù, ó sì gbá ọmọ náà mọ́ra bí ẹni pé òun ló bí i. Ọkùnrin kan wá fẹ́ ẹ nígbà kan. Ó ní òun kò lè fẹ́ ìyàwó pọ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àǹtí Táípù ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó ní, “Ẹ rọra máa lọ o, òkúta wà níwájú àtẹ̀gùn yẹn.”

Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ilé ń pe àbúrò náà, nítorí kó tó parí ẹ̀fẹ̀ tó ń ṣe ni ẹ̀rín yóò ti gbé e lọ, tí àwọn tó kù kò ní mọ ohun tí wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín sí. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Ó ní àpá kékeré kan lórí ìpéǹpéjú, níbi tí fèrèsé ti gbá a. Bó bá wọlé, yóò bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì dojú rẹ̀ kọ ìta, ó ní nítorí àtisá ni. Aláǹtakùn ń bà á lẹ́rù. Bó bá fi etí lé ẹ́ńjìnnì, yóò sọ ohun tó ń ṣe é bí dókítà tó gbé etí lé àyà aláìsàn. Ẹ́ńjìnnì yìí náà ló sì gbé e lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, nísàlẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ wà.

Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń kọ̀wé. Lẹ́tà rẹ̀ a dé láti èbúté kan sí òmíràn, kìkì àwàdà, kìkì “Àǹtí mi, ẹ má ronú, mo ti ń sanra.” Lẹ́yìn náà, lẹ́tà dá. Ọdún kan kọjá. Ọdún márùn-ún kọjá. Àǹtí Táípù kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, wọ́n ti ta ilé-iṣẹ́ náà, àwọn tó rà á kò sì dáhùn. Ọdún náà di mọ́kàndínlógún. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwe tù ú nínú: “Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ.” Òwe yẹn kò tù ú nínú rí. Bí wọ́n bá ti pa á, yóò ní òun ń bọ̀, yóò sì lọ gbálẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ni Fadá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ogójì ọdún ni Fadá Àgbà fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa wíwà: kí ló mú kí nǹkan wà, kí ló dé tí kò jẹ́ pé kò sí ohunkóhun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Bàbá Wíwà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ wá ń ṣú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fọ́ pátápátá nígbà tó di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ní ọjọ́ tó dá a lójú pé òun kò ní kàwé mọ́, ó ní òun fẹ́ kọ ọ̀kan. Èdè àjèjì lòun ti fi ń kọ́ni látijọ́. Ìwé yìí, èdè tí ìyá òun fi wẹ òun lòun máa fi kọ ọ́. Láago mẹ́wàá àárọ̀, yóò máa tọ ògiri bọ̀, yóò máa ka ilẹ̀kùn, yóò jókòó sórí àga tó kọjú sí tábìlì, yóò máa pe ọ̀rọ̀, Àǹtí Táípù yóò sì máa tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kò fẹ́ jáde níbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò lórí gbólóhùn kan ṣoṣo. Fadá Àgbà fẹ́ sọ pé ohun méjì ló pàdé nínú gbogbo nǹkan: irú ohun tó jẹ́, àti pé ó tilẹ̀ wà rárá. Ó ń dá ọ̀rọ̀ gígùn jọ, ó ń tú u ká. Ní ọjọ́ kẹta, ọwọ́ Àǹtí Táípù dá dúró.

“Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí lẹ ń wá kiri? Bí mo bá pàdé yín láàárọ̀, ohun tí mo máa ń bi yín ni pé, ‘Fadá, ṣé ẹ wà?’ Mi ò bi yín rí pé, ‘Fadá, kí lẹ jẹ́?’”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu ọkùnrin arúgbó náà, ó rín títí ikọ́ fi mú un.

“Ogójì ọdún,” ó ní, ó ń nu ojú tí kò ríran mọ́, “ogójì ọdún ni mo fi ń ṣí ìwé ńlá wá ohun tí ìyá mi ń sọ lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́. Jíjẹ́ àti wíwà. Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ bí o ṣe sọ ọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àǹtí Táípù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ń tẹ̀, nítorí tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ gba etí wọlé kó gba ìka jáde ni, kì í dúró ní agbedeméjì.

Ìwé ti dé orí kẹta nígbà tí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀, wá sílé rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ògiri ilé àjogúnbá wọn ti ń là. Wọ́n fẹ́ wó o kí wọ́n tún un kọ́, ìjọba ìbílẹ̀ sì ní gbogbo ọmọ tí àwọn tó nilé bí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá lè fọwọ́ sí i, kí wọ́n mú ìwé wá pé kò sí láyé mọ́.

“Ìwọ lo tọ́ ọ,” Bàbá Kékeré ní. “Ẹ̀rí rẹ ni wọ́n máa gbà. Ìwọ náà lo sì mọ̀ ọ́n tẹ̀. Kì í ṣe pé a fẹ́ sin ín láàyè. Ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe ọjọ́ mọ́kàndínlógún.”

“Mo ti gbọ́ yín, Bàbá Kékeré.”

Ní ọjọ́ Ajé, kí Fadá Àgbà tó dé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti tẹ ìwé ẹ̀rí náà. Ó tẹ orúkọ àbúrò rẹ̀. Ó tẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀, bó ṣe ga tó, àpá orí ìpéǹpéjú, ọwọ́ òsì. Ìka rẹ̀ ń sáré, nítorí kò sí èyí tó gba ìrònú níbẹ̀. Ó wá kan gbólóhùn ìkẹyìn: *ó ti di aláìsí*. Ó tẹ “ó ti di”. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ó wò ó pé aláìsí gan-an ni ẹni tí kò sí. Èdè kò tilẹ̀ bo ojú ọ̀rọ̀ fún un.

Ibẹ̀ ni Fadá Àgbà bá a. Kò mọ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó jókòó, ó sì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

“Níbo la dé? Ẹ̀n-ẹ́n. Kọ ọ́ pé: Èèyàn lè mọ ohun tí nǹkan jẹ́ tán pátápátá, kó má sì mọ̀ bóyá ó wà. Fún àpẹẹrẹ, ẹyẹ inú ìtàn kan tí wọ́n ní ó ń jóná, tó sì ń dìde nínú eérú. A mọ ìyẹ́ rẹ̀, a mọ ọjọ́ orí rẹ̀, síbẹ̀…”

Kò gbọ́ bọ́tìnnì kankan.

“Àǹtí Táípù? Ṣé o wà?”

“Mo wà, Fadá.” Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ẹ má fi ẹyẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fi àbúrò mi.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà náà, bàtà tó kọjú sí ìta, aláǹtakùn, lẹ́tà tó dá, àti ìwé ẹ̀rí tó wà níwájú rẹ̀. Ogún ọdún ó lé ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kan náà, Fadá kò sì gbọ́ ọ rí.

“Ohun tó ń dùn mí nìyí,” obìnrin náà ní. “Kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń mí bó bá ń díbọ́n pé òun ti sùn. Tí mo bá kó gbogbo ìmọ̀ yẹn jọ, kò lè dáhùn ìbéèrè kékeré kan yẹn fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ṣé kò sí bí mo ṣe lè rò ó dé ibẹ̀?”

“Kò sí,” Fadá Àgbà dáhùn. “Mi ò ní tàn ọ́. Ìwé mi kò mọ ibi tí àbúrò rẹ wà. Bí o bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún ronú nípa rẹ̀, jíjẹ́ rẹ̀ nìkan ni wàá máa bá pàdé nínú orí ara rẹ. Wíwà kò sí nínú orí. Kò sí nínú wa pàápàá bí ohun ìní. Gbígbà là ń gbà á ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, bí yàrá yìí ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ lójú fèrèsé. Yàrá kì í tọ́jú ìmọ́lẹ̀ pamọ́ di ọ̀la. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan wà, àfi kó dìde lọ síbi tí nǹkan ọ̀hún lè wà.”

“Tí mo bá wá lọ, tó sì jẹ́ pé ó ti kú ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé ó wà rí. Kò sí ẹni tó lè sọ ìyẹn di ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Àwọn olùkọ́ mi ní Ọlọ́run pàápàá kò ní ṣe é.”

Àǹtí Táípù pa gbólóhùn tí kò parí náà rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba àyè ọjọ́ mẹ́ta, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì kọrí sí ìlú èbúté.

Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ilé Àwọn Atukọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀. Ó kọ̀wé síbẹ̀ rí ní ọdún kẹta, kò rí èsì gbà, ó sì gbà pé òpin rẹ̀ nìyẹn. Akọ̀wé ibẹ̀ jẹ́ bàbá arúgbó kan tó fi awò ojú méjì léra wọn. Àwọn rẹ́jísítà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ga dé àjà.

“Irú èèyàn wo ni, màámi?”

“Ẹlẹ́rìn-ín ni. Ó máa ń súfèé bó bá ń ṣiṣẹ́.”

“Gbogbo atukọ̀ ló ń súfèé. Ẹ sọ orúkọ tó wà lórí ìwé rẹ̀ fún mi.”

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tú rẹ́jísítà. Eruku wọ Àǹtí Táípù nímú, ó ń sín, akọ̀wé ń sọ pé “Ẹ máa gbó o” nígbà gbogbo láìgbé ojú sókè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bàbá náà dẹ́kun kíkà. Ó yí ìwé sí i. Orúkọ náà rèé. Ìbuwọ́lùwé rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ́ sẹ́yìn bí ti gbogbo ọlọ́wọ́ òsì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní èbúté kan lókè òkun, àlàáfíà ara rẹ̀ pé. Àǹtí Táípù wá wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn lẹ́tà ìkẹyìn ni.

Ó gbé ìka lé e. Ayọ̀ gba gbogbo ara rẹ̀. Kí ó tó rí àga jókòó dáadáa, ohun mìíràn ti gun ayọ̀ náà lẹ́yìn. Ọdún méje. Ọdún méje ló fi ń mí, tó ń jẹun, tó ń sùn, tí kò sì rí ìwé kan ṣoṣo kọ. Gbogbo ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì gbà padà sílé, ẹkún àti ìbínú ń dù ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

“Ó wà, Fadá,” ó sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. “Ó kéré tán, ó wà ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ó sì fi mí sílẹ̀ kí n máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi tí mo mọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Rárá,” Fadá Àgbà ní, “àbúrò tó wà nínú orí rẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nínú orí wa kì í ṣe ohun tí a kò bá rán an. Ẹni tó wà lóòótọ́ nìkan ló lè ṣẹ̀ wá.”

Kò dùn mọ́ ọn láti gbọ́, ṣùgbọ́n ó lọ tẹ ìwé fún Bàbá Kékeré. Ohun tó kọ sínú rẹ̀ kò pọ̀: *Ó wà láàyè ní ọjọ́ báyìí, ọdún báyìí. Mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.* Ó fọwọ́ sí i, ó sì mú un lọ fún un.

Bàbá Kékeré kà á, ó kọ́kọ́ fajú ro bí ẹni tó fẹ́ bínú. “Èyí kọ́ ni mo ní kó o…” Ó tún un kà. Ó jókòó sẹ́nu àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó ń fún bébà náà mọ́ ọwọ́.

“Ṣé ó wà?” ó bèèrè. “Ọdún méjìlá sẹ́yìn?”

“Wọ́n fi ìbuwọ́lùwé rẹ̀ hàn mí.”

“Èmi ni mo fà á.” Bàbá Kékeré ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ní ọjọ́ tó ń lọ, mo fà á sẹ́yìn ilé. Mo ní ìwọ ti fi ayé rẹ ṣòfò nítorí rẹ̀. Mo ní bí ọdún mẹ́rin bá kọjá tí kò tíì di èèyàn, kó má padà wá, kó má sì kọ̀wé kíkọ tí kò ní láárí sí ọ. Ọ̀rọ̀ tí àgbà ń sọ láti fi kì ọmọdé láyà ni mo pè é. Mi ò mọ̀ pé yóò gbé e lọ.”

Àǹtí Táípù bẹ̀rẹ̀, ó gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà ya, ó sì jókòó tì í. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí oòrùn fi kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ilé àjogúnbá náà kò tíì di wíwó títí di òní. Wọ́n kàn fi igi ti ògiri tó ń là.

Ó kọ̀wé sí èbúté tí wọ́n sọ, ó darí rẹ̀ sí “ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n”. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, èsì dé láti ọwọ́ obìnrin kan tó ń gba àlejò sílé níbẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà gbé ọ̀dọ̀ òun fún ọdún mẹ́ta, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn apẹja ṣe. Lẹ́yìn náà, ó kó lọ sí ìlú kan lókè odò, òun kò sì fojú kàn án láti ọdún mẹ́sàn-án wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń yangàn lé lórí ni ìyá rẹ̀, tó ní ó ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ̀wé láìwo ọwọ́.

Àǹtí Táípù ka lẹ́tà náà fún Fadá Àgbà. Nígbà tó dé “kì í rẹ́rìn-ín”, ó dúró. Nígbà tó dé “ìyá rẹ̀”, kò lè kà á mọ́, Fadá sì dúró dè é bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan láyé.

“Mi ò mọ ọkùnrin yìí,” ó sọ níkẹyìn. “Ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín. Fadá, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìfẹ́ yìí tilẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, mo kàn fẹ́ kó padà bó ṣe wà. Ní báyìí, bó bá sanra, bó bá rù, bó bá yadi, kó ṣáà wà.”

“Ṣé ìlú òkè odò yẹn jìnnà?”

“Ó jìnnà. Mo ti bèèrè fún ìsinmi oṣù kan. Wọ́n ní wọn kò mọ̀ pé mo ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìwé yín ló ku orí kan. Ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Àbí kẹ́ ẹ dúró dè mí?”

“Èmi, kí n dúró?” Fadá Àgbà na ọwọ́, ó ń wá etí tábìlì. “Mo rí ti òwúrọ̀ yìí gbà. Ti ọ̀la kò sí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ. Bí o bá dé tí o bá mi, a ó kọ ọ́. Bí o kò bá mi, tẹ ohun tí o bá rí lọ́hùn-ún síbẹ̀, kí o fi parí rẹ̀.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù nínú ṣọ́ọ̀bù kan lójú pópó. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ya fọ́tò gbé àga fún un síwájú aṣọ funfun, ó tún èjìká rẹ̀ ṣe, ó ní kó wo iwájú gan-an.

“Mà, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Wọn kì í gbà á.”

“Mi ò rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ ń rẹ́rìn-ín, mà.”

Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n yà á kó tó ṣeé lò.